Nọ́ńbà Tí Wọ́n Máa Kọ Sára Ògiri Ìmẹ̀rí

Ọ̀wọ̀, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú

Títílọpẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Láràárọ̀, kí n tó gbé omi kaná, mo máa ń fi fóònù mi rìn yíká yàrá. Màá kọ́kọ́ gbé e sórí ìrọ̀rí, màá ka iye ìlà kéékèèké tó yọ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, màá tún kà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí òkè, níbi tí mo ti lè máa wo òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lókèèrè, tí iná pupa ṣì ń tàn lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi ni mo fi ń ṣí ojú ibi tí síìmù wà. Màá yọ ọ̀kan, màá fi èkejì sí i, màá dúró dìgbà tí orúkọ rẹ̀ bá jáde, màá sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrọ̀rí. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi ni mò ń kọ ọ́ sí: ìrọ̀rí, ẹyọ kan, ilẹ̀kùn, méjì, fèrèsé, mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ á wá nǹkan kà.

O máa béèrè ìdí tí n kò fi fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Mo mọ̀ yín, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ẹ̀ ń fi àtàǹpàkò ti ìmọ̀ràn òbí kọjá lójú fóònù bí ẹni ń lé eṣinṣin. Èyí tí mo fi bébà kọ, wàá jókòó kà á. Jọ̀wọ́, kà á dópin, nítorí Ọjọ́bọ̀ ló máa dé ọwọ́ rẹ, akunlé tó fẹ́ kọ nọ́ńbà sára ògiri yín sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìwé tìrẹ ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Lọ́jọ́ Ajé, mo jókòó sí ìloro, mò ń bá Tósìn rán etí aṣọ rẹ̀ tó tú. Tósìn ni ọmọbìnrin tó wà ní yàrá tó tẹ̀ lé tèmi, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, kíláàsì kan náà la jọ ń lọ. Mọ́tò kan dúró, awakọ̀ rẹ̀ yọrí síta.

“Ta ni Ìyá Títí nínú yín, èyí tó ń lọ sí iléèwé?”

Mo ní èmi ni. O mọ̀ mí, ohùn mi kì í jáde níwájú ẹni tí n kò mọ̀ rí.

“Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, màmá, ẹ́ńjìnnì mi ń pariwo! Ọmọ yín ní Ìmẹ̀rí ló ní kí n kó iṣu àti ìwé yìí fún yín. Ó ní kí n bi yín pé kí lòun ṣe fún yín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń pè yín, ẹ ò gbé e!”

Gbogbo ojú tó wà ní ìloro ló yí sí mi. Ìyá onílé wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí kì í sì í gba ìgbàkugbà, ní kí awakọ̀ náà gbé iṣu kalẹ̀ kó máa bá tirẹ̀ lọ, pé ilé rẹ̀ kì í ṣe páàkì. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ṣe lọ tán, ìyá náà wò mí láti orí awò ojú rẹ̀.

“Ìyá Títí, ọmọ ń pè ọ́, o ò dáhùn?”

“Kò pè mí o, mà. Fóònù mi kò dún.”

“Fóònù tiwa ń dún nínú ilé yìí. Tìrẹ nìkan ló ń gbààwẹ̀?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wọlé, mo sì ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo rí ibi tí o ti kọ̀wé nípa obìnrin tó bímọ tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá lára rẹ̀. Mo rí ọ bí ẹni pé mo wà níbẹ̀: ìwọ tó di fóònù mú, tó ń pe ilé ìwòsàn ńlá ní Ọ̀wọ̀ pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá, ìpè tí kò jáde, ìwọ tó sáré gun òkè ẹ̀yìn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn kí o tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọlọ́run ló yọ obìnrin yẹn. Lẹ́yìn náà ni o béèrè pé nọ́ńbà èwo ni kí o fún akunlé láti kọ sára ògiri ilé ìwòsàn, èyí tí aboyún àti ẹni tó bá fara pa lóko yóò máa pè. O wá fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: “Màámi, bí ẹ bá tilẹ̀ ń bínú sí mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn lórí èyí.”

Ọmọ mi, n kò mọ̀ pé o pè mí. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ, mo bínú. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sọ lọ́kàn mi pé ọmọ mi ti rí iṣẹ́ ìjọba, ojú ń tì í pé ìyá òun ti sọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ nù, ó lọ ń bá àwọn ọmọdé du àga nínú kíláàsì ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo ní, ṣé èmi ìyá ni kí n kọ́kọ́ pe ọmọ? Ìgbéraga ni. Ká ní mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, màá ti rí i pé ìpè tèmi náà kò jáde, màá sì ti mọ̀ pé fóònù ló ṣe é, kì í ṣe ìwọ. Má bínú. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni òbí ń bẹ ọmọ, nítorí náà tọ́jú bébà yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Tósìn wo fóònù mi, ó ní, “Mọ́mì, fóònù yín ń wọ́ bí ìgbín! Ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ kí n bá yín kì í láyà.” Ó tẹ àwọn àmì kan tí n kò mọ̀, ojúewé kan ṣí, ó sì yan 4G nìkan. Lóòótọ́ ni gbogbo nǹkan ń yára. Fídíò kò dúró mọ́, iṣẹ́ kíláàsì ń wọlé kíákíá, àwọn tó ń fi dátà pè mí lórí Wásáàpù ń rí mi. Gbogbo ọmọbìnrin inú ilé yìí ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí fóònù wọn. Kò sẹ́ni tó sọ pé èèyàn lè pàdánù ohun kan nítorí rẹ̀.

Àfi ìgbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àná yìí, tí olùkọ́ wa ya àkàbà sójú pátákó. Ó ní 2G ni àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, ohùn ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. 3G wà láàárín. 4G wà lókè, dátà ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí fóònù bá wà lórí 4G tí ìpè dé, ọ̀pọ̀ fóònù á sọ̀kalẹ̀ sórí 3G tàbí 2G lọ gbà á, á sì tún gòkè padà tí ọ̀rọ̀ bá tán. Ó ní àwọn fóònù kan wà tó lè gba ìpè lórí 4G níbẹ̀, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà bá fàyè gbà á. “Ṣùgbọ́n bí fóònù rẹ kì í bá ṣe irú ìyẹn, tí o wá fi sí 4G nìkan, o ti gun òrùlé, o sì ti gbé àkàbà jù nù. Ẹni tó ń pè ọ́ nísàlẹ̀ á pè títí, wọ́n á ní o ti pa fóònù.”

Kíláàsì fi ẹ̀rín bú. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí fóònù àwọn Tósìn lè jẹ́ irú ìyẹn, ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe irú rẹ̀. Mo fẹ́ na ọwọ́ sókè kí n béèrè bí a ṣe lè tún un ṣe, ọwọ́ mi kò gbé. Mo dúró dìgbà tí gbogbo wọn jáde, mo lọ sẹ́yìn kíláàsì, lábẹ́ igi máńgòrò, mo wá ojúewé yẹn kàn, mo dá a padà síbi tí fóònù á ti máa yàn fúnra rẹ̀. Mo pè ọ́. Ó dún. Mo gbọ́ tí o ní “Màámi?” Ó já. Mo pè é títí, kò lọ mọ́, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ tìrẹ náà kò dára. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Ó yá, ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Gbọ́ ohun tí mo rí.

Èkíní, má fi ojú Ọ̀wọ̀ yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wàá lò ní Ìmẹ̀rí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta ni mò ń fi wéra láràárọ̀, orúkọ tí mo sọ wọ́n ni màá sì fi pè wọ́n. Sáré-sáré ni èyí tí o ń lò. Nínú ilé wa níbí, kò sí èyí tó yára tó o, 4G rẹ̀ ń já geere. Àgbà ń falẹ̀ tó bá di ọ̀rọ̀ dátà, ó sì wọ́n. Alábọ̀dé wà láàárín wọn. Bó bá jẹ́ inú yàrá mi nìkan ni mo mọ̀, màá ní kí o fún akunlé ní nọ́ńbà Sáré-sáré. Ṣùgbọ́n mo lọ ra iṣu ní Ìdásẹn lọ́jọ́ Sátidé kan, kí Tósìn tó fọwọ́ kan fóònù mi, mo kó àwọn síìmù mi dání. Kí a tó jìnnà sí títì, Sáré-sáré ti di ìlà kan. Nígbà tí a wọ àárín igi kókó, ó kú fin-ín. Mo dúró, mò ń gbé fóònù sókè sódò bí ẹni ń wá afẹ́fẹ́. Bàbá àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń fi fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì bá ẹni tó fẹ́ ra iṣu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ tán, ó wò mí, ó ní, “Màmá, ẹ gbé jíńgí yẹn sápò. Kékeré ló ń sọ̀rọ̀ níbí.” Mo bi í pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ni. Àgbà ni. Mo fi síìmù Àgbà sínú tèmi, ó mú ìlà méjì wá, 2G lásán. N kò lè ṣí fọ́tò kan lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo pe Tósìn, a gbọ́ ara wa ketekete.

Olùkọ́ wa ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ìgbì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà rìn kò rí bákan náà. Èyí tó lọ sókè dà bíi bọ́ọ̀sì ńlá, ó ń kó èrò púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè wọ ọ̀nà oko. Èyí tó wà nísàlẹ̀ dà bí ọ̀kadà, ẹrù díẹ̀ ló ń gbé, ṣùgbọ́n á gba àárín igi, á gba ẹ̀gbẹ́ òkè, á dé abúlé. Nọ́ńbà ògiri kò nílò fídíò, ọmọ mi. Ohùn ni aláìsàn máa fi pè ọ́. Wá èyí tí ohùn rẹ̀ ń dé.

Èkejì, má ṣe yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì torí pé òun lèrò pọ̀ sí. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, mo ti wà nínú wọn rí. N kò tíì bí ọ nígbà náà, mò ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán n'Íbàdàn, fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Nọ́ńbà mi àkọ́kọ́ ni bàbá mi ní kí wọ́n fi ẹfun kọ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn rẹ̀ ní abà wa lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, nítorí kò mọ̀wé tó lè fi wá a nínú fóònù. Ọmọ aládùúgbò ló máa ń wo ara ilẹ̀kùn tẹ̀ ẹ́ fún un. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn wá dé, ó ń fún èèyàn ní ìpè ọ̀fẹ́, gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀bù sáré kó lọ síbẹ̀. Mo ju síìmù ti tẹ́lẹ̀ nù. Mo ní màá sọ fún bàbá tí mo bá lọ ọdún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbójú sókè lẹ́nu iṣẹ́, mo rí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́, ẹni tí kì í wá n'Íbàdàn láìgbé èlùbọ́. Ó tẹjú mọ́ mi títí, ó ní, “Ìwọ nìyí?” Mo ní èmi ni, bàbá. Ó ní, “Wọ́n ní nọ́ńbà náà kò sí mọ́. Mo rò pé ìwọ ni kò sí mọ́.” Ó jókòó sórí àpótí, kò sì lè mu omi tí mo bù fún un. Ọ̀gá mi obìnrin fi mí ṣẹ̀sín fún ọ̀pọ̀ oṣù pé èmi ni ẹni tí bàbá rẹ̀ wá sìnkú rẹ̀, tó bá a nídìí máṣíìnì.

Ohun tí èèyàn bá kọ sára ilẹ̀kùn tàbí ògiri, àwọn tí kò lè tún un kọ ló gbára lé e. Rò ó dáadáa kí o tó jẹ́ kí wọ́n kùn ún. Wọ́n ní a lè gbé nọ́ńbà kan kúrò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ sí òmíràn láìyí i padà. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ ń gba àkókò, ìpè sì lè dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Má fi ìyẹn ṣe ìdí láti yan èyí tí kò dára.

Èyí tó tẹ̀ lé e, má fi nọ́ńbà tìrẹ sára ògiri rárá. Bóyá o kò ronú dé ibẹ̀. Ìjọba tó gbé ọ lọ sí Ìmẹ̀rí lè gbé ọ kúrò níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ á sì bá ọ lọ. Bá ọ̀gá rẹ sọ ọ́, kí ẹ wá síìmù ọ̀tọ̀, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún un bó ti yẹ lórúkọ ilé ìwòsàn, kí ó máa gbé inú fóònù kékeré kan tí kì í kúrò níbẹ̀, tí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ á máa gbé lọ́wọ́. Ṣé o rántí nọ́ńbà tí mo kọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù wa? Lọ́wọ́ ẹni tó ń ta síìmù lẹ́bàá ọ̀nà ni mo ti rà á, ó sì ti fi orúkọ ẹlòmíràn forúkọ sílẹ̀. Ó ní kí n má yọra mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti nọ́ńbà náà pa, n kò rí ẹ̀rí kankan mú lọ pé tèmi ni. Àwọn oníbàárà tó ti ń bá mi bọ̀ láti ìgbà tí o wà ní kékeré, ọ̀pọ̀ wọn ni n kò gbúròó mọ́.

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò, nítorí náà ẹ kọ nọ́ńbà méjì, kí wọ́n wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì, nínú fóònù méjì. Bí méjèèjì bá wà nínú fóònù kan, tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan, èkejì lè má dún. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì lè so mọ́ òpó kan ṣoṣo. Mo rí i níbí. Àgbà àti Sáré-sáré jọ wà lórí òpó tí mò ń wò láti ojú fèrèsé ni. Lọ́jọ́ tí jẹnẹrétọ̀ òpó náà kú, àwọn méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, Alábọ̀dé nìkan ló kù. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ìmẹ̀rí pé òpó tó wà lọ́dọ̀ yín, ti ta ni? Èyí tó ń wá láti apá Ìdóàní ńkọ́? Mú ọ̀kan níhìn-ín, mú ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Bí gbogbo rẹ̀ bá sì kú pọ̀, ta ló máa sáré? Mọ ọlọ́kadà tí ilé rẹ̀ sún mọ́ yín jù, mọ ìyàwó rẹ̀, kí i kí o tó nílò rẹ̀. Mo ń sọ èyí fún ọ, èmi tí mo ti lo odindi sáà kan ní Ọ̀wọ̀ tí n kò mọ̀ ju ẹni méjì lọ. Wọ́n á máa sọ èdè ìlú wọn láàárín ara wọn, bí mo bá ti yọ, wọ́n á yí i sí èyí tí mo gbọ́, kí n lè bá wọn dá sí i. Èmi ni mo ń kí wọn tán tí mò ń yára wọlé. Má ṣe bí èmi. Jókòó díẹ̀.

Nísinsìnyí, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Yá síìmù Àgbà àti ti Alábọ̀dé lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́bọ̀ tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, tí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù, wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Má lọ sórí òkè iléèwé o, inú yàrá ni mo wí. Ti ilẹ̀kùn, ti fèrèsé, bó ṣe máa ń rí nígbà òjò. Fi Àgbà pè mí, kí a sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a mọ̀ bóyá ó máa já. Gé e, kí èmi náà pè ọ́ padà. Lẹ́yìn náà, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Alábọ̀dé. Èyí tó bá wọlé tó sì jáde láìjá ni kí o kọ́kọ́ fún akunlé. Bí o bá rí i pé Sáré-sáré nìkan ló ń lọ, tí gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí kò sì rí bẹ́ẹ̀ ní Ìmẹ̀rí, òun ni kí o fún un. Má torí pé ìyá rẹ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá gbé ìwé yìí lọ sí páàkì fún awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà yín. N kò ní wọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ìta ni màá jókòó sí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ láti agogo mẹ́rin. Bó bá di márùn-ún tí n kò gbọ́ ohùn rẹ lórí ọ̀kankan nínú wọn, mo ti béèrè, mọ́tò Ìdóàní ṣì máa ń wà títí di agogo mẹ́fà. Màá wọ̀ ọ́, màá wá gba ọ̀kadà dé Ìmẹ̀rí, kí èmi àti ìwọ lè jọ gbé fóònù yí ilé ìwòsàn náà ká kí akunlé tó dé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ